Ibi Tí Ìlà Ń Lọ, Ibi Tí Bọ́tìnnì Wà

Ẹ̀jìgbò,
Ọ̀sán Jímọ̀.

Bàbá mi, ọ̀gá mi nídìí maṣíìnì,

Mo kí yín o. Kí Ọlọ́run fẹ sàréè yín, kí Ó sì fi àlùjánnà ṣe ilé yín. Ara wa le. Màmá náà wà dáadáa, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu tí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí ẹní ìkírun. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé sí yín, ṣùgbọ́n ìròyìn tó wà lọ́wọ́ mi nígbà náà kò ṣeé kọ. Lónìí ó ṣeé kọ. Ọkàn mi ti balẹ̀, Bàbá. Oúnjẹ tún ti ń dùn lẹ́nu mi, mo sì tún ti ń gbọ́ tí ẹyẹ bá ń ké lórí páànù.

Àmọ́ mo ní láti kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí, kí n tó dé ibi èyí tó dùn mọ́ mi. Ẹ gbà mí láyè.

Múíbà, àkọ́bí mi, ọmọ tí ẹ máa ń gbé jókòó sórí tábìlì ìgéṣọ pé kó bá yín di orí tépù mú, kò ríran mọ́.

Mo dúró díẹ̀ kí n tó kọ gbólóhùn yẹn tán. Bí ẹ bá wà láyé ni, mo mọ̀ pé ẹ ó gbọ́wọ́ kúrò lórí maṣíìnì, ẹ ó bọ́ gíláàsì yín, ẹ ó sì máa wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mo ń sọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí ẹ lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ojú pátákó ìkọ̀wé ń ṣú. A ra gíláàsì fún un. Ó tún ní ó ń ṣú. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, àwọn dókítà ṣe gbogbo ohun tó wà ní ìkáwọ́ wọn. Èyí àgbà nínú wọn wá fa àga mọ́ ọ̀dọ̀ wa, ó sì ṣàlàyé pé iṣan tó ń gbé ìríran láti inú ẹyin ojú lọ sí ọpọlọ ti ń kú, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tó lè jí i. Múíbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láàrin wa. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Ṣé ẹ ti gbọ́ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀? Ṣé wọ́n máa ń sọ nǹkan fún yín níbẹ̀? Mi ò mọ̀. Mo kàn ń kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ kò gbọ́.

Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tí kò ríran fún ìgbà díẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka kàwé, ó sì padà wá sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbí. Ọkàn rẹ̀ kò kúrò lórí ìṣirò. Ẹ mọ bó ṣe rí láti kékeré, ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní kó bá yín pín yáàdì aṣọ. Ní báyìí fóònù mi ló ń kàwé sí i létí, ó sì ti pinnu pé òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ fóònù ní ọ̀rọ̀ sísọ, pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lòun máa ṣe. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ fún un pé ìṣirò ló máa gbé e débẹ̀, pàápàá èyí tó le jù tí wọ́n ń pè ní Fọ́dà Máàsì. Ó ní kò burú, ó wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Pìríńsípà wọn ránṣẹ́ sí mi. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, ó sì fẹ́ràn Múíbà. Ó ní kí a jókòó, èmi àti ọmọ mi.

Ó ní, "Ìyá Múíbà, ẹ má rò pé mo fẹ́ fi ìyà jẹ ọmọ yín o. Àmọ́ Fọ́dà Máàsì yìí, gíráàfù ló kún inú rẹ̀. Ojú ni wọ́n sì fi ń ka gíráàfù. Ẹ jẹ́ kó bọ́ sí kíláàsì áàtì. Orí rẹ̀ pé, á gbà á dáadáa níbẹ̀."

Mo ti ń mi orí pé mo gbọ́. Ta ni mo jẹ́ tí n ó bá pìríńsípà jiyàn? Múíbà ló dáhùn.

"Mà, ìdánwò ìparí sáà yìí, tí mo bá ṣe é bí gbogbo kíláàsì ṣe ń ṣe é, tí mo sì yege ńkọ́?"

"Ìbéèrè kan náà?"

"Ìbéèrè kan náà, mà. Gíráàfù kan náà."

Pìríńsípà wò mí, mo wo ilẹ̀. Ó wá ní, "Tó o bá yege, wàá dúró. Tó ò bá yege, a ò ní jọ sọ ọ́ mọ́." Múíbà ní òun gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a dé ìta, mo bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é. Ó ní òun kò tíì mọ̀.

Bàbá rẹ̀ pè láti Àbíjàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ mọ ohùn rẹ̀ tí inú rẹ̀ kò bá dùn, á máa ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ìyá Múíbà, ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ fi ara yín ṣe ẹlẹ́yà. Ọmọ tí ayé ti ṣe báyìí, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀ kó sinmi." Kì í ṣe ẹni burúkú, Bàbá. Ó ń bẹ̀rù ni. Èmi náà ń bẹ̀rù, mi ò kàn sọ fún un.

Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ìlú Masífà ló ti ń gun ọ̀kadà wá lójoojúmọ́. Ọ̀gbẹ́ni Tìámíyù ni wọ́n ń pè é. Ó kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹyọ ìgbálẹ̀ mọ́ páálí bí ìlà gíráàfù kí Múíbà lè fọwọ́ bà á, ṣùgbọ́n bí ìka bá ti kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbálẹ̀ á ṣí kúrò. Ni ó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú páálí rẹ̀ lábẹ́ apá, ó ní kí n jọ̀wọ́ fún òun ní òwú tó nípọn díẹ̀.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi òwú ṣe. Ó fi àwòrán tó yà hàn mí. Mo wò ó, ìlà kan ló ń gun òkè lọ bí ọ̀nà, kò sí nǹkan míì tí mo rí níbẹ̀. Mo ní, "Tíṣà, ṣé ìlà yìí ni ẹ fẹ́ kó fọwọ́ kàn? Èmi lè rán an."

Ó wo maṣíìnì yín, ó wò mí, ó sì fa àga.

Maṣíìnì yín ṣì wà o. Maṣíìnì ọlọ́wọ́ dúdú yẹn, èyí tí ẹ gbé bọ̀ láti Àbíjàn tí ẹ kò gbà kí awakọ̀ gbé sórí ọkọ̀, tí ẹ gbé sórí itan yín láti ibẹ̀ dé ilé. Mo ní èyí tó ń lo iná báyìí fún iṣẹ́ oníbàárà, ṣùgbọ́n fún èyí, ọwọ́ ni mo fẹ́, kó lè máa lọ jẹ́jẹ́ ní ibi tí mo bá fẹ́ kó yà. Bí mo bá ti di ọwọ́ rẹ̀ mú báyìí, ṣe ló dà bíi pé mo ń gbọ́ yín lẹ́yìn mi, "Doucement, doucement," ní Faransé yẹn tí ẹ máa fi ń sọ fún mi pé kí n rọra tí mo bá ń sáré lórí aṣọ.

Aṣọ kákí ni mo lò. Mo rán rọ́bà fẹ́ẹ́rẹ́ méjì lé e, ọ̀kan ní ìbú, ọ̀kan ní òòró. Mo ta kókó òwú sí ara rọ́bà náà ní gígùn kan náà, kókó kan fún oókan, èkejì fún eéjì, bẹ́ẹ̀ lọ títí. Ìlà gíráàfù fúnra rẹ̀, òwú nínípọn tí a fi ń hun fìlà ọmọ ọwọ́ ni mo rán mọ́lẹ̀. Àmọ́ Tíṣà ní ó ku nǹkan kan. Ó ní ní àwọn ibì kan lórí gíráàfù, wọ́n máa ń ya àmì róbótó kékeré kan tí inú rẹ̀ ṣófo, ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, àmì tí wọ́n kun inú rẹ̀ dúdú, àti pé àwọn àmì méjèèjì yìí gan-an ni ìdánwò máa dá lé.

Mo ní, "Èyí tó ṣófo, ihò bọ́tìnnì. Èyí tó kún, bọ́tìnnì."

Tíṣà lu tábìlì, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Màmá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ìgbà yẹn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n wo aṣọ náà nígbà tí mo parí ẹ̀, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Ìyá Múíbà, ta ni yóò wọ eléyìí?"

Mo wá kọ́ nǹkan, Bàbá. Ní ọjọ́ orí mi yìí. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn kíkí ìrun Àsárì, Tíṣà á dúró lọ́dọ̀ wa díẹ̀ kó tó gun ọ̀kadà padà sí Masífà, á máa kọ́ Múíbà, èmi náà á sì máa fi etí kan gbọ́ níbi tí mo ti ń lọ aṣọ oníbàárà. Ó ní kí Múíbà fi ìka lé orí ìlà láti apá òsì, kó máa bọ̀ jẹ́jẹ́ títí yóò fi kan ihò. Ó ní, "Gíga wo ni ìka rẹ ń lọ bá?" Múíbà fi ọwọ́ kejì ka kókó ara rọ́bà òòró, ó ní ẹẹ́ta. Ó ní kó tún gba apá ọ̀tún bọ̀. Ẹẹ́ta náà ni. Tíṣà ní, "Ìyẹn ni límíìtì. Ibi tí ìlà ń lọ ni a ń bi ọ́. A ò tíì bi ọ́ pé ta ló wà níbẹ̀." Ó wá ní kó gba ojú ibẹ̀ gùnkè tààrà, kó wá bọ́tìnnì. Ìka rẹ̀ lọ sókè, ó kan bọ́tìnnì ní gíga aárùn-ún. "Ìyẹn ni iye fọ́ńṣọ̀n náà, ìṣirò tí ìlà yìí dúró fún, níbẹ̀. Ìlà ń lọ sí ẹẹ́ta, àmọ́ iye rẹ̀ jẹ́ aárùn-ún."

Èmi kò gbà. Èmi télọ̀, mo rí ihò bọ́tìnnì ní ibì kan, mo rí bọ́tìnnì ní òkè lọ́hùn-ún, mo ní Tíṣà ti ṣì í yà. Nígbà tí Tíṣà lọ tán, mo tú bọ́tìnnì yẹn, mo rán an sí orí ihò rẹ̀, mo gé òwú rẹ̀ dáadáa, inú mi dùn.

Ní ọjọ́ kejì Múíbà ń kà á fún Tíṣà. "Límíìtì, ẹẹ́ta. Iye, ẹẹ́ta."

Tíṣà ní, "Ẹẹ́ta báwo? Tún un kà."

"Ẹẹ́ta náà ni, sà."

Tíṣà tẹ̀ síwájú, ó wo aṣọ. "Ta ló gbé bọ́tìnnì yìí kúrò ní ààyè rẹ̀?"

Múíbà fi ìka yí bọ́tìnnì náà po, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Màámi ni! Màámi, ẹ ti bá wọn tún gíráàfù wọn ṣe!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Bàbá, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí a ti kúrò ní ilé ìwòsàn. Bí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá ti gbé bọ́tìnnì kúrò ní ààyè rẹ̀ tipẹ́.

Òun ló wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí ó fi yé mi. Ó tún kọ́ mi ní èyí tí ìlà rẹ̀ já sí méjì, tí apá òsì ń lọ sí gíga oókan, tí apá ọ̀tún sì bẹ̀rẹ̀ láti gíga ẹẹ́rin pẹ̀lú bọ́tìnnì lórí rẹ̀. Ó ní, "Wọn ò pàdé, Màámi. Níbi tí wọn ò bá ti pàdé, kò sí límíìtì. Àmọ́ iye wà, torí bọ́tìnnì wà." Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́.

Ìṣòro kan ló wá ṣẹ́kù. Gíráàfù ti ọjọ́ ìdánwò, ta ni yóò rán an? Bí mo bá rán an nílé, wọ́n á ní mo ti fi han ọmọ mi. Pìríńsípà ló rí ọ̀nà sí i. Ó ní kí n gbé maṣíìnì wá sí ọ́fíìsì òun ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí n rán an lójú òun, òun á sì wà lọ́dọ̀ ọmọ náà fúnra òun, òun á kọ gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde sílẹ̀. Òun kò kúkú mọ Fọ́dà Máàsì, kò sí ìrànlọ́wọ́ tí òun lè ṣe fún un.

Báyìí ni mo ṣe gbé maṣíìnì yín sórí itan lórí ọ̀kadà, mo dì í mú bí ọmọ. Àwọn ènìyàn ń wò mí ní ojú ọ̀nà. Mo jókòó sí ọ́fíìsì pìríńsípà, láàrin àwọn ife ẹ̀yẹ eré ìdárayá, mo ń rán gíráàfù mẹ́rin tí Tíṣà yà sórí ìwé. Bọ́tìnnì kóòtù dúdú ńlá ni mo kó wá kí ọwọ́ lè tètè bà á. Pìríńsípà sún mọ́ mi.

"Ihò yìí ńkọ́, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Mo ní, "Mà, mi ò lè sọ ọ́ tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ o. Ìlà ń lọ síbẹ̀, àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni nílé."

Ó rẹ́rìn-ín, ara mi sì fúyẹ́ díẹ̀.

Mo ti dé orí èyí tó kẹ́yìn nígbà tí aago lù. Mo ṣì ń fi ọwọ́ rán bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń wọ kíláàsì. Mo fa òwú náà, mo gé e, mo kó aṣọ lé pìríńsípà lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń jáde ni wọ́n ń mú Múíbà wọlé. Wọ́n ti ní kí n má bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ìró bàtà mi, ó yí ojú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi, mo kọjá.

Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ọ́fíìsì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo dìde láti tún ìró mi ró, nǹkan kan sì bọ́ láti inú rẹ̀, ó yí lọ sí ẹsẹ̀ mi. Bọ́tìnnì kóòtù dúdú ni. Mo mú un. Òwú wà nínú ihò rẹ̀, òwú tó já.

Bàbá, mo tún un wò. Bó bá jẹ́ bọ́tìnnì tí mi ò tíì lò ni, kò ní ní òwú nínú. Èyí tí mo rán kẹ́yìn ni. Mi ò ta kókó rẹ̀. Ó ti já lára aṣọ ìdánwò ọmọ mi kí n tó kó o fún wọn, inú ìró mi ló bọ́ sí.

Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì tí Tíṣà ti ń ṣọ́ àwọn ọmọ yòókù. Mo la ọwọ́ mi, mo fi bọ́tìnnì hàn án. Ó jáde wá, ojú rẹ̀ yí padà.

"Èwo ló ti já?"

"Èyí tó kẹ́yìn ni mo rò. Èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ jìnnà sí ihò."

Ó gbé ọwọ́ lérí. "Tí kò bá bá bọ́tìnnì níbẹ̀, á sọ pé fọ́ńṣọ̀n náà kò ní iye. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ló máa sọ, kò sì ní jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀."

"Ṣé kí n sáré lọ sọ fún wọn?"

Ó ronú. "Ẹ má lọ, Ìyá Múíbà. Tí ẹ bá wọlé báyìí tí ẹ mẹ́nu ba bọ́tìnnì, ẹ ti sọ ìdáhùn fún un nìyẹn, wọ́n á sì fagi lé gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó parí ná, ká wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún pìríńsípà. Bóyá wọ́n á gbọ́ wa."

Bóyá. Mo padà sábẹ́ igi. Mo di bọ́tìnnì náà mú sínú ọwọ́ títí ó fi tẹ àmì sí mi lọ́wọ́. Mo ń ka gbogbo àdúrà tí ẹ kọ́ mi, mo ń ṣì í kà. Ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ṣé ẹ rí mi bí mo ṣe ń rìn yí igi yẹn po?

Nígbà tó pẹ́, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí. Pìríńsípà jáde pẹ̀lú ìwé àti aṣọ lọ́wọ́. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Ìyá Múíbà, ọmọ yín ní kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ṣé bọ́tìnnì kankan já lára aṣọ yín?"

Mo na bọ́tìnnì náà sí i.

Tíṣà ti sáré dé. Pìríńsípà ka ohun tó kọ sílẹ̀ fún wa bí Múíbà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Ìkẹrin. Apá òsì ń lọ sí oókan, apá ọ̀tún ń lọ sí oókan. Límíìtì jẹ́ oókan. Iye jẹ́ ẹẹ́rin. Àmọ́ kò sí bọ́tìnnì níbẹ̀, mà, ihò tí abẹ́rẹ́ lu nìkan ni mo bá, àti ìrù òwú. Bọ́tìnnì ti wà níbí. Ẹ bá mi bi màámi."

Tíṣà gba aṣọ náà, ó fi ìka wá ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Lójú lásán, ẹ ò lè tètè rí nǹkan kan, òwú kákí lórí aṣọ kákí. Ó gbé ìwé tó ya gíráàfù náà sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹẹ́rin ni.

Múíbà ti fi ọwọ́ tọ ògiri jáde lẹ́yìn pìríńsípà. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé kì í ṣe pé mo ṣe àṣìṣe, tí mo sì tú nǹkan tí mo ti rán tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin? Tí ẹ bá tú nǹkan, ẹ máa ń fa gbogbo òwú rẹ̀ kúrò, ẹ ó sì fi èékánná họ ibẹ̀ kó lè dán. Èyí tó ní ìrù, ṣe ló já."

Mo jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn níwájú ọ́fíìsì, tèmi ti ìró mi. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Pìríńsípà ní, "Ẹ dìde, Ìyá Múíbà, àwọn ọmọ ń wò yín," àmọ́ òun náà ń nu ojú.

Èsì jáde ní ìjẹta. Ó yege. Òun kọ́ ló gba ipò kìíní o, ọmọkùnrin kan láti ìlú Ọlá ló gbà á, Múíbà sì ti ń bínú nítorí ìbéèrè kan tó ní òun ìbá mọ̀. Mo sọ fún un pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ̀ ná. Pìríńsípà mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Múíbà dúró sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí mo máa kúrò, tíṣà jọ́gíráfì dá mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ṣé mo lè bá òun rán máàpù Nàìjíríà, tòun ti odò rẹ̀.

Mo pe bàbá rẹ̀ ní Àbíjàn. Mo ní ó yege. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, mo ń pariwo "Hálò, hálò." Ó wá ní, "Mo ń gbọ́ ẹ. Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ sí i kí àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù òun lè gbọ́, ó gbé fóònù sókè, mo sì gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin, "Alhamudulilahi!" Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé fóònù fún ọmọ òun. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ. Mo jáde kí wọ́n lè sọ ọ́.

Ojú rẹ̀ kò padà, Bàbá. Mi ò fẹ́ kí ẹ ṣì mí gbọ́. Àwọn dókítà kò tíì sọ ọ̀rọ̀ míì, mi ò sì bi wọ́n mọ́. Ìgbà míì ṣì wà tí mo máa ń tan iná yàrá rẹ̀, tí n ó wá rántí. Ọ̀nà tó fẹ́ tọ̀ gùn, n kò sì lè rán gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dùn mí pé ẹ kò sí níbí láti bá mi gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó jókòó sí mi láyà láti ọjọ́ yẹn, tí mo ń bá jí, tí mo ń bá sùn, ó ti dìde. Mi ò mọ ìgbà tó lọ.

Ní ọ̀sán òní, lẹ́yìn Jímọ̀, Múíbà jẹun tán, ó ní òun fẹ́ na ẹ̀yìn díẹ̀. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé, kò lè sùn lọ́sàn-án mọ́, á kàn dùbúlẹ̀, á máa yí ìka rẹ̀ po. Mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́, mo gbọ́ nǹkan kan. Màmá náà gbọ́ ọ, wọ́n gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Ó ń hanrun. Ó ń hanrun gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, bí awakọ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn dé.

Mo pa áyọ́ọ̀nù. Mo ti ilẹ̀kùn ìta kí ariwo má baà wọlé. Oníbàárà kan kan ilẹ̀kùn, Màmá ní kó padà wá tó bá di ìrọ̀lẹ́. Mo wá jókòó síbí, mo ń kọ̀wé sí yín, ó ṣì ń sùn.

Ẹ sùn dáadáa, Bàbá mi.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín títí.